Bí ẹnjiníà sọ́fítíwia tuntun ṣe lè máa darí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀

Wọ́n gbé tíkẹ́ẹ̀tì kan (iṣẹ́ tí wọ́n kọ sórí pátákó iṣẹ́) fún ẹnjiníà tuntun lọ́jọ́ Ajé, ó ní òun á parí rẹ̀ ní Ọjọ́rú. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, “ó ti kù díẹ̀” ló ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ kò mọ ibi tí iṣẹ́ dé, òun alára kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó ku wákàtí mélòó. Ó mọ kóòdù kọ dáadáa. Ohun tí kò tíì kọ́ ni bí wọ́n ṣe ń gé iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́, bí wọ́n ṣe ń díye lé àsìkò tó máa gbà, àti bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn rí ibi tó dé kí wọ́n tó béèrè. Ilé ìwé kì í sábà kọ́ni ní èyí, ilé iṣẹ́ sì máa ń rò pé ẹ ti mọ̀ ọ́n bọ̀.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo la máa fi ṣe àpẹẹrẹ látòkè délẹ̀: tíkẹ́ẹ̀tì tó ní kí ẹ ṣe ojú ewé “mo ti gbàgbé password mi” fún áàpù tí àwọn oníbàárà ń lò. Ó jọ iṣẹ́ kékeré lójú, àmọ́ ọ̀pọ̀ ibi ló ti lè há, ìdí nìyẹn tí a fi mú un.

Ohun tí ẹ nílò kò pọ̀: fáìlì kan, pátákó iṣẹ́ tí tíìmù yín ń lò (ì báà jẹ́ Jira, Trello tàbí GitHub Issues), ìṣẹ́jú 15 láràárọ̀, àti ìṣẹ́jú 30 lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ má fi ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wá áàpù tó rẹwà jù kiri. Fáìlì lásán tó wà ní ṣíṣí látàárọ̀ ṣúlẹ̀ sàn ju Notion aláràbarà tí ẹ kì í ṣí lọ.

1. Ẹ kó gbogbo iṣẹ́ sójú kan

Ọ̀nà tí iṣẹ́ ń gbà wọlé pọ̀: pátákó, Slack, WhatsApp, ìpàdé àárọ̀, comment lórí pull request (kóòdù tí ẹ ní kí wọ́n yẹ̀ wò kó tó dà pọ̀ mọ́ ti tíìmù), ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan sọ nígbà tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì yín. Èyí tó wà lórí pátákó kì í sọnù. Èyí tí wọ́n fẹnu sọ ló ń sọnù, òun náà ló sì máa ń bí ọ̀gá nínú jù. Ẹ ṣí fáìlì kan, ẹ pè é ní ise.md, ẹ fi sí ìta repo (àpò tí kóòdù tíìmù wà) kí ẹ má bàa ṣèèṣì commit rẹ̀ (fi í pamọ́ mọ́ kóòdù), kí ẹ sì kọ àkọlé mẹ́ta sínú rẹ̀: “Ọwọ́ mi”, “Mò ń dúró de ẹlòmíràn”, “Tó kàn”. Ohunkóhun tó bá wọlé, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó béèrè àti ọjọ́ tó béèrè.

Ohun tó wà lábẹ́ “Ọwọ́ mi” kò gbọdọ̀ ju méjì lọ: iṣẹ́ ńlá kan, àti kékeré kan tí ẹ lè máa ṣe nígbà tí ti ńlá bá ń dúró de ẹnì kan. Àṣà kí á máa fi òdiwọ̀n sí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ti wà tipẹ́ ní ilé iṣẹ́ Toyota ní Japan, níbi tí Taiichi Ohno ti sọ káàdì kanban di ohun tí wọ́n fi ń darí iṣẹ́. Ìṣirò tó gbè é lẹ́sẹ̀ ni John Little fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn ní 1961: tí ẹ bá mú iye iṣẹ́ tó wà ní ṣíṣí, tí ẹ pín in sí iye tí ẹ ń parí lọ́sẹ̀, ẹ ó rí ìpíndọ́gba àsìkò tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń lò lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá ń parí iṣẹ́ méjì lọ́sẹ̀, tí mẹ́fà sì wà ní ṣíṣí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọ̀kọ̀ọ̀kan máa gbà. Bó bá jẹ́ méjì péré ló wà ní ṣíṣí, ọ̀sẹ̀ kan ni. Ọwọ́ yín kò yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ ẹni tó ń dúró de iṣẹ́ ti rí i gbà.

Bí ọ̀gá bá wá gbé ẹ̀kẹta dé ńkọ́? Ẹ má kọ̀, ẹ má sì gbà á wọ̀ǹwọ̀. Ẹ jẹ́ kó yàn: “Ẹ kú iṣẹ́ sà. Tíkẹ́ẹ̀tì password ló wà lọ́wọ́ mi báyìí, Ọjọ́bọ̀ ló sì yẹ kó parí. Ṣé kí n gbé e sílẹ̀ ṣe èyí, àbí kí èyí dúró di ọjọ́ Ẹtì?” Ìpinnu èyí tó ṣe pàtàkì jù, ọwọ́ ọ̀gá ló wà.

2. Kí ẹ tó kọ kóòdù, ẹ kọ bí iṣẹ́ náà ṣe máa rí nígbà tó bá parí

Tíkẹ́ẹ̀tì náà lè má ju ìlà kan lọ: “Kí oníbàárà lè yí password padà bó bá gbàgbé.” Ọ̀pọ̀ ìbéèrè ló sá pamọ́ sábẹ́ ìlà kan yẹn. Báwo ni líǹkì náà ṣe máa pẹ́ tó kó tó kú? Ẹ̀ẹ̀melòó ni èèyàn lè béèrè líǹkì láàrin wákàtí kan? Ta ló máa kọ ọ̀rọ̀ tó wà nínú email náà? Bí password bá ti yí padà, ṣé fóònù mìíràn tó ti wọlé tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde? Bí email tí ẹnì kan tẹ̀ kò bá sí nínú database, kí ni áàpù máa sọ fún un? Ìdáhùn èyí tó kẹ́yìn ni pé èsì kan náà ni kó rí bí ẹni tó ní àkáǹtì, torí bí èsì méjèèjì bá yàtọ̀, olè á máa fi ojú ewé yẹn mọ ẹni tó ní àkáǹtì lọ́dọ̀ yín.

Ẹ kó àwọn ìdáhùn jọ sí ìlà márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ni tíkẹ́ẹ̀tì. Ó lè rí báyìí:

Ó parí nígbà tí:
- líǹkì bá ń dé inú email láàrin ìṣẹ́jú méjì
- líǹkì kò bá ṣiṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn wákàtí kan, tí kò sì ṣeé lò lẹ́ẹ̀mejì
- hash token ló wà nínú database, tí token fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀ (token ni kóòdù àṣírí inú líǹkì; hash ni ohun tí wọ́n yí i dà, tí kò ṣeé yí padà)
- session àtijọ́ (wíwọlé tó ti wà lórí fóònù mìíràn) bá kú nígbà tí password bá yí padà
- test bá wà fún líǹkì tó ti kú, líǹkì tí wọ́n ti lò, àti email tí kò sí
- product manager bá ti dán an wò lórí staging (ibi ìdánwò kó tó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà)

Kò sí nínú èyí: fífi SMS ránṣẹ́.

Ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn ni àwọn èèyàn máa ń fò. Ẹ má fò ó. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá parí ni ẹnì kan máa béèrè pé SMS dà, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan sì ti ń di ọ̀sẹ̀ méjì.

3. Ẹ gé e sí wẹ́wẹ́

Ẹyọ kan kò gbọdọ̀ ju iṣẹ́ wákàtí mẹ́rin lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, ó ní ohun tí kò tíì yé yín níbẹ̀, ẹ tún un gé. Bí a ṣe máa gé tíkẹ́ẹ̀tì password nìyí:

1. Wíwádìí bí email ṣe máa jáde: ta ló ní API key (kọ́kọ́rọ́ tí áàpù fi ń fi email ránṣẹ́), ṣé domain ti ní SPF àti DKIM (àkọsílẹ̀ tó ń fi hàn pé ọ̀dọ̀ yín ni email ti wá lóòótọ́)?
2. Migration (àtúnṣe sí database) fún tábìlì token: user_id, hash, àsìkò tó máa kú, àsìkò tí wọ́n lò ó.
3. Endpoint (ojú ọ̀nà lórí server tí áàpù ń bá sọ̀rọ̀) tó ń gba email, tó ń ṣẹ̀dá token, tó sì ń dá èsì kan náà padà fún gbogbo èèyàn.
4. Fífi líǹkì ránṣẹ́ nínú email.
5. Endpoint tó ń gba password tuntun, tó ń pa token, tó ń lé session àtijọ́ jáde.
6. Ojú ewé méjèèjì tí oníbàárà máa rí.
7. Òdiwọ̀n iye ìgbà tí èèyàn lè béèrè.

Ẹ kíyè sí i pé email ló ṣíwájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí kóòdù kankan níbẹ̀. Ohun tó bá wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni kí ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. API key lè wà lọ́dọ̀ ẹni tó lọ ìsinmi. Bí ẹnì kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi SPF àti DKIM sínú DNS (ìwé àdírẹ́sì domain), ó lè tó wákàtí 48 kí ó tó tàn kálẹ̀, bí wọn kò bá sì sí níbẹ̀, inú spam ni líǹkì yín lè bọ́ sí. Ẹni tó bá fi èyí sí ìparí á kọ gbogbo kóòdù tán, á wá jókòó ti iṣẹ́ tó ti parí tí kò ṣeé fi hàn. Ẹ béèrè láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ẹ kọ ọ́ sábẹ́ “Mò ń dúró de ẹlòmíràn”, kí ẹ sì bọ́ sórí ẹyọ kejì.

Test kò ní ẹyọ tirẹ̀ nínú àwọn méje yìí. Inú ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló wà. Test tó bá dá dúró lópin ìwé ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gé dànù nígbà tí gbèdéke bá sún mọ́lé.

4. Ẹ díye lé e pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́ta

Fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ iye wákàtí tó máa gbà bí gbogbo nǹkan bá dán mọ́rán, iye tó sábà máa ń gbà, àti iye tó máa gbà bó bá dàrú. Ẹ ṣe ti àárín ní ìlọ́po mẹ́rin, ẹ fi méjì tó kù kún un, ẹ pín gbogbo rẹ̀ sí mẹ́fà. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ló gbé ìṣirò yìí jáde ní 1958, nígbà tí wọ́n ń ṣe ohun ìjà Polaris. Fún ẹyọ kẹrin tiwa, ká ní ó jẹ́ 2, 3 àti 10: 2 + 12 + 10 jẹ́ 24, tí a bá pín in sí 6, wákàtí mẹ́rin ni. Ẹ̀yin ì bá ti sọ pé mẹ́ta. 10 yẹn ló ń rán yín létí pé email lè bọ́ sínú spam.

Ká ní àpapọ̀ ẹyọ méjèèje jẹ́ wákàtí 22. Ẹ má pín 22 sí 8. Ìpàdé, oúnjẹ ọ̀sán, kíka kóòdù ẹlòmíràn àti dídáhùn ìbéèrè á ti jẹ nínú wákàtí mẹ́jọ yẹn. Bí ẹnjiníà tuntun bá rí mẹ́rin fi kọ kóòdù lóòjọ́, ó ṣe dáadáa. Ọjọ́ márùn-ún àbọ̀ nìyẹn, ẹ fi ọjọ́ kan kún un fún review. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ohun tí ẹ máa sọ fún ọ̀gá ni pé “láàrin ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.” Ẹ sọ ọjọ́ méjì, ẹ má sọ ẹyọ kan.

Lẹ́yìn náà, ẹ máa kọ iye tó gbà gan-an sí ẹ̀gbẹ́ iye tí ẹ dá. Àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, Daniel Kahneman àti Amos Tversky, ti ṣàlàyé rẹ̀ ní 1979 pé èèyàn máa ń dá àsìkò tó kéré jù fún iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀, kódà nígbà tó mọ̀ pé irú rẹ̀ ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ rí. Èrò rere kò wo èyí sàn, àkọsílẹ̀ ló ń wò ó. Bí ẹ bá dá 22, tó wá gba 33, ìlọ́po kan ààbọ̀ ni. Lẹ́yìn iṣẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, ẹ máa fi ìpíndọ́gba yín sọ iye tuntun di púpọ̀ kí ẹ tó là á lẹ́nu. Nọ́ńbà yín ni, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

5. Bí ọjọ́ kan ṣe máa lọ

Ní ìṣẹ́jú 15 àárọ̀, ẹ ka ìlà tí ẹ kọ kẹ́yìn lánàá, ẹ mú ẹyọ kan fún òní, kí ẹ wo abẹ́ “Mò ń dúró” bóyá ohun kan ti ju ọjọ́ kan lọ níbẹ̀. Ẹ dá wákàtí méjì-méjì sọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lórí kàlẹ́ńdà, kí wọ́n má bàa fi ìpàdé síbẹ̀, kí ẹ sì pa ìró Slack. Ọ̀nà Pomodoro tí Francesco Cirillo ará Ítálì gbé kalẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1980, ìṣẹ́jú 25 fún iṣẹ́ àti 5 fún ìsinmi, dára fún iṣẹ́ kéékèèké. Fún kóòdù, 50 àti 10 ló bá a mu jù, torí ìṣòro tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sórí kò ní tíì fìdí múlẹ̀ kí 25 tó pé.

Ìgbàkígbà tí test bá ti yege, ẹ commit. Ẹ push kí ẹ tó lọ jẹun, kí ẹ sì tún push kí ẹ tó ṣíwọ́. Iná lè lọ, laptop lè kú, ohun tó ti wà lórí GitHub kò bá a lọ. Bí wọ́n bá ké sí yín sí wàhálà mìíràn láàrin iṣẹ́, ẹ commit ohun tó wà nílẹ̀ sórí branch yín (ẹ̀ka kóòdù tí ẹ ń ṣiṣẹ́ lé) pẹ̀lú ọ̀rọ̀ “WIP” (iṣẹ́ ṣì ń lọ), kí ẹ push. Ẹ má lo git stash (àṣẹ tó ń fi iṣẹ́ tí kò tíì parí pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́). Orí laptop yín nìkan ni stash wà, kò ní orúkọ gidi, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ẹ kò ní mọ èyí tó jẹ́ ti kí ni.

Kí ẹ tó pa laptop, ẹ kọ ìlà kan fún ọ̀la, kó tó kún tí ẹlòmíràn lè tẹ̀lé e. “Máa bá token lọ” kò wúlò. Ẹ wo èyí:

“Ọ̀la: test token_expired ń kùnà. Àsìkò inú database jẹ́ UTC, áàpù ń fi àsìkò Èkó wò ó. Wákàtí kan ló wà láàrin wọn, líǹkì oníwákàtí kan ti kú kó tó dé ọwọ́ oníbàárà. Bẹ̀rẹ̀ láti reset_service.py.”

Ẹni tó kọ èyí á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàrin ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹni tí kò kọ ọ́ á lo wákàtí kan láti rántí.

6. Nígbà tí iṣẹ́ bá há

Ibí ni àsìkò ti ń ṣòfò jù, pàápàá fún àwa tí wọ́n tọ́ pé ká má ṣe máa yọ àgbà lẹ́nu. Ọmọ tuntun á jókòó ti error kan láti àárọ̀ dalẹ́, kí ọ̀gá má bàa rò pé kò mọṣẹ́. Ọ̀gá kò rí ọ̀wọ̀ yẹn. Ohun tó rí ni iṣẹ́ tí kò kúrò lójú kan.

Ẹ fi òdiwọ̀n sí i. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àṣẹ, API key, VPN tàbí bí wọ́n ṣe ń gbé iṣẹ́ dìde lórí laptop, ìṣẹ́jú 30 tó: àṣírí ilé iṣẹ́ ni, kò sí bí ẹ ṣe lè fi ọgbọ́n orí rí i. Bó bá jẹ́ kóòdù tí ẹ fúnra yín kọ, ẹ lo wákàtí kan. Ìgbà tí ẹ rí ohun tuntun kẹ́yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Bí ẹ ṣe béèrè ló máa sọ bí ìdáhùn ṣe máa yá tó. “Ẹ káàárọ̀ ma, ẹ jọ̀ọ́ mo ní ìṣòro kékeré kan,” kí ẹ wá dákẹ́ máa retí èsì, kì í ràn yín lọ́wọ́. Ó di ẹ̀ẹ̀mẹta tí ọ̀gá bá dáhùn kó tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìkíni àti ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú iṣẹ́ tí ẹ rán kan náà:

“Ẹ kú iṣẹ́ ma. Mo wà lórí fífi líǹkì password ránṣẹ́. Lórí laptop mi, email ń jáde. Lórí staging, 401 ló ń dá padà. Mo ti rí i pé MAIL_API_KEY wà lórí staging, mo sì ti tún un deploy lẹ́ẹ̀kan. Mo fura pé key àtijọ́ ló wà níbẹ̀, àmọ́ mi ò ní àṣẹ láti wò ó. Ṣé ẹ lè bá mi wò ó, tàbí kí ẹ júwe ẹni tí mo lè bá? Mo ń ṣe ojú ewé lọ́wọ́, kò ní dá mi dúró títí di aago méjì.”

Ohun tí ẹ ń ṣe, ohun tí ẹ rí, ohun tí ẹ ti gbìyànjú, ohun tí ẹ fura sí, àti ìgbà tí ẹ nílò rẹ̀: gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀wọ̀ kò sì dín kù. Bí ìdáhùn bá dé, ẹ kọ ọ́ sínú README bó bá lè ṣe ẹlòmíràn láǹfààní. Kò sẹ́ni tó máa bínú sí ìbéèrè àkọ́kọ́; ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀kẹta ló ń múni bínú.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti Èkó tàbí Ìbàdàn fún ilé iṣẹ́ òkè òkun gbọ́dọ̀ ṣọ́ agogo. Nàìjíríà kì í yí agogo padà. Láti ìparí oṣù kẹta sí ìparí oṣù kẹwàá, aago wa àti ti London jọra. Lẹ́yìn náà, London á fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa. New York máa ń wà lẹ́yìn wa ní wákàtí márùn-ún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, àti mẹ́fà nígbà òtútù, nítorí náà ìpàdé aago mẹ́wàá àárọ̀ wọn lè bọ́ sí aago mẹ́ta tàbí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ wa. Ìbéèrè tí kò kún níbẹ̀ máa ná yín ní odidi ọjọ́ kan, torí pé nígbà tí wọ́n bá máa fi béèrè àlàyé, ẹ ti ṣíwọ́.

7. Bí gbèdéke bá ti ń yẹ̀

Ẹ má fi ìdá ọgọ́rùn-ún ròyìn iṣẹ́. “Ó ti tó 80” kò sọ nǹkan kan. Ẹ sọ pé: “Ẹyọ mẹ́rin nínú méje ti parí, mo ti lo wákàtí 14 nínú 22.” Bí ẹ bá ti lo ìdajì wákàtí, tí ẹyọ tó parí kò sì tó ìdajì, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ sọ ọ́. Ìròyìn kan náà tó jẹ́ ìmọ̀ràn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun á di ẹ̀sùn bó bá di ọjọ́ gbèdéke.

Ẹ má sì gbé ìṣòro nìkan lọ. Ẹ gbé ọ̀nà mẹ́ta dání: ohun tí a lè yọ kúrò, ọjọ́ tuntun, tàbí ẹni tó lè ràn yín lọ́wọ́ lórí ẹyọ kan pàtó. Nínú iṣẹ́ tiwa, ẹwà email náà lè dúró di ẹ̀yà kejì. Hash token, àsìkò ikú rẹ̀ àti òdiwọ̀n ìbéèrè kò ṣeé yọ, torí ààbò oníbàárà ni. Ẹ má ṣèlérí pé ẹ máa fi òru dí i, nítorí kóòdù tí wọ́n kọ lóru lọ́nà bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń padà wá gẹ́gẹ́ bíi bug.

8. Pull request

Ẹyọ kan, pull request kan. Bó bá ti ń kọjá ìlà 200 tàbí bẹ́ẹ̀, ẹ wò ó bóyá ó ṣeé pín, torí èyí tó gùn jù ni àwọn èèyàn ń sún síwájú. Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ fúnra yín ka diff náà (àwọn ìlà tó yí padà) lórí GitHub. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí print tí ẹ gbàgbé. Ẹ kọ ohun tó yí padà, bí wọ́n ṣe lè dán an wò, àti ohun tí kò sí nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ “Mò ń dúró” pẹ̀lú ọjọ́. Bí ọjọ́ iṣẹ́ kan bá kọjá láìsí èsì, ẹ rán wọn létí.

Bí ẹyọ kẹrin bá gbára lé ẹ̀kẹta tí wọn kò tíì merge (dà pọ̀ mọ́ main, kóòdù gbogbo tíìmù), ẹ lè ya branch rẹ̀ láti ara ẹ̀kẹta, ṣùgbọ́n ẹ má to ju méjì lọ lórí ara wọn. Bí tíìmù yín bá ń lo squash merge (tó ń pa gbogbo commit branch pọ̀ di ẹyọ kan), rebase lásán (gbígbé commit yín lọ sórí main tuntun) lè kó conflict (kóòdù tó ń ta ko ara wọn) bá yín. Àṣẹ git rebase --onto main eyo-keta eyo-kerin ló máa tú u.

9. Ìṣẹ́jú 30 ọjọ́ Ẹtì

Ẹ kó ohun tó parí lọ sínú fáìlì kejì, pẹ̀lú líǹkì pull request, iye wákàtí tí ẹ dá àti iye tó gbà. Ohun tó bá ti wà lábẹ́ “Tó kàn” fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìsí ẹni tó béèrè rẹ̀, ẹ bi ẹni tó ni í bóyá ó ṣì fẹ́ ẹ. Bí kò bá fẹ́, ẹ pa á rẹ́. Kí ẹ sì mú ẹyọ tí ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Fáìlì kejì yẹn ni kí ẹ gbé lọ nígbà tí ọ̀gá bá pè yín fún ìpàdé ẹni méjì. Ẹ fi ohun tó parí hàn án, ẹ sọ èyí tó ti pẹ́ jù lábẹ́ “Mò ń dúró” kó lè bá yín tì í, kí ẹ sì sọ bí iye tí ẹ ń dá ṣe jìnnà sí iye tó ń gbà. Lóṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, nígbà tí wọ́n bá ní kí ẹ kọ ohun tí ẹ ti ṣe láti ìgbà tí ẹ ti dé, inú rẹ̀ ni ẹ ti máa dà á kọ.